Eérú Tí Wọ́n Dà Sódò

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo ra ìgò epo pupa kan lọ́jà Kútọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, wọn a sì tún bu èènì sí i. Ìyá arúgbó tó tà á fún mi ṣí kẹ́ẹ̀gì, òórùn epo náà sì gbé mi padà sí èbúté àtijọ́ tó wà létí odò Ògùn, nítòsí àdúgbò tí wọ́n bí mi sí l'Ábẹ́òkúta.

Ẹ ò lè mọ̀ pé èbúté ni mọ́. Igbó ti bò ó. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń kó epo àti èkùrọ́ lọ sí Èkó, tí wọ́n sì ń kó iyọ̀ àti aṣọ bọ̀. Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, iná ṣẹ́ níbẹ̀. Ilé koríko ni gbogbo ilé, àgbá epo sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Kí oòrùn tó wọ̀, àdúgbò ti di eérú. Èèyàn kú sí i. Àwọn àgbà kó eérú gbogbo ilé pọ̀, wọ́n dà á sódò, wọ́n ní eérú kan náà ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bèèrè ilé tí iná ti ṣẹ́. Kò sì sẹ́ni tó bèèrè.

Èmi ni mo bèèrè. Ìtàn ni mò ń kà, èbúté yẹn ni mo sì fẹ́ fi ṣe ìwádìí tí mo máa fi jáde. Ọ̀rẹ́ ìyá mi àgbà kan ṣì wà láyé, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ń gbé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó máa tó relé ọkọ. Nígbà ìsinmi, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ kí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n gbé bírò sílẹ̀.

"Ìyá mi gbé epo kaná," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. "Ó ní kí n máa ṣọ́ ìkòkò. Ọkọ̀ kan gúnlẹ̀, mo sáré lọ wò ó. Mi ò sọ ọ́ fẹ́nì kankan rí. Má kọ ọ́ o, ọmọ mi."

"Mi ò ní kọ ọ́, Màmá."

Mi ò sì kọ ọ́ lóòótọ́. Ohun tí mo ṣe burú ju kíkọ lọ. Nígbà tí ìsinmi fẹ́ parí, àdúgbò ní kí n wá ka ìtàn èbúté fún àwọn nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Mo wọ kóòtù nínú ooru. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, orí mi wú. Ni télọ̀ kan bá dìde.

"Akọ́wé, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà, o ò mọ ilé tí iná ti ṣẹ́? Àbí ojú ọ̀run ló ti já bọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Ó dùn mí wọra. Mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo la ẹnu, mo dárúkọ ilé, mo dárúkọ ìkòkò, mo dárúkọ ẹni tó yẹ kó ṣọ́ ọ.

Iwájú pátápátá ni Màmá jókòó sí. Kò sunkún. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó di ejìká ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Wọ́n jáde. Ọmọ méjì ni iná yẹn pa láyé ọjọ́un nínú ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ-ọmọ Màmá. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹbí náà ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́. Ọmọbìnrin náà kó lọ sí Òdèdá. Èmi padà sídìí ìwé mi, wọ́n sì fún mi ní máàkì tó dáa.

Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ara mi pé òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí kò kàwé yẹn mọ̀ jù mí lọ. Wọ́n mọ̀ pé bí eérú bá lórúkọ, ilé kan ṣoṣo ni yóò ru òkú gbogbo àdúgbò.

Màmá ti lọ. Télọ̀ ti lọ. Ẹni tí ì bá jẹ́ ọkọ náà ti lọ. Nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kàn, ó ku èmi, ó ku ọmọ-ọmọ Màmá. Òun ló ta epo fún mi ní Kútọ̀. Mo ti dá a mọ̀ kó tó gbójú sókè. Òun ò dá mi mọ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá, gbogbo nǹkan ló ti wọ́n," ó ní, ó sì bu èènì sí i.

Mo gbà á. Mi ò sọ orúkọ mi.