Aránṣọ Inú Yàrá Ìkẹ́rùsí

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni aránṣọ yìí nígbà tó lọ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò lówó nínú ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti kékeré ló ti ń wù ú. Olùkọ́ wọn kó wọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì rí obìnrin kan lẹ́yìn gíláàsì, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nu bàtà ògbólógbòó bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri, òun dúró. Lọ́dún kejì bàbá rẹ̀ kú, ilé ìwé dópin, wọ́n fà á lé aránṣọ kan lọ́wọ́. Ó kọ́ṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n, ó fi tọ́mọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń kọjá níwájú ilé ńlá yẹn, ọrùn rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu, àfi kó yíjú síbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló rí i nínú ìwé ìròyìn pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń wá àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn. Wọn ò ní sanwó, ṣùgbọ́n wọ́n máa kọ́ni níṣẹ́. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun ti rí ẹni tó ń sin èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, òun ò tíì rí ẹni tó ń sin ìkòkò fífọ́. Aránṣọ ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó ń lọ.

Wọ́n fà á lé ìyá àgbàlagbà tó ń ṣàkóso yàrá ìkẹ́rùsí lọ́wọ́. Màmá Ìbọ̀wọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ lásán kan nǹkan níṣojú rẹ̀. Yàrá náà tutù, kò ní fèrèsé, pẹpẹ irin sì tò láti ilẹ̀ dé àjà. Oṣù mẹ́ta gbáko, iṣẹ́ aránṣọ kò ju kó máa fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára páálí pélébé, kó so ó mọ́ ẹrù, kó sì kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé ńlá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó kọ́ pé kì í ṣe gbogbo bébà ló yẹ kí wọ́n fi wé aṣọ, pé òmíràn ń jẹ aṣọ bíi kòkòrò. Gbogbo rẹ̀ ló ń rò fún ọkọ rẹ̀ tó bá délé. Ọkọ a ní, "Ìyá Àtijọ́, oúnjẹ òde òní ńkọ́?"

Ẹ̀wù ọmọdé kan ló jẹ́ kí wọ́n mọ irú ẹni tó jẹ́. Apá rẹ̀ ti ya, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti fọwọ́ kàn án, torí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe rán an. Aránṣọ tẹrí ba, ó wò ó pẹ́.

"Màmá, ọwọ́ òsì lẹni tó rán èyí ń lò," ó wí. "Ẹ wo ibi tí òwú kọjú sí. Ó sì kánjú. Bóyá ọmọ ti ń sunkún nígbà yẹn."

Màmá Ìbọ̀wọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní kó fi ọwọ́ òsì tún un rán. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà á, ojú abẹ́rẹ́ mélòó kan lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wá. Nígbà tó parí, inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀ pé ó ti parí.

Kò pẹ́ ni wọ́n kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú aṣọ, iṣẹ́ olówó oṣù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ lẹ́tà tó tún un kọ. Ó rán búláòsì tuntun fún ara rẹ̀. Màmá Ìbọ̀wọ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, mi ò ní tàn ẹ́. Ìwé ẹ̀rí ilé ìwé gírámà ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, o ò sì ní in. Mo bá wọn fà á títí, wọn ò gbà."

"Mo ti gbọ́, mà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń tẹ maṣíìnì, kò sì sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ni wọ́n gbà. Ọmọ dáadáa ni, Àǹtí ló ń pe aránṣọ. Aránṣọ kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀, kò fi ìkankan pamọ́. Ṣùgbọ́n bó bá rí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́rùn ọmọ yẹn, a máa wò ó bí ẹni tébi ń pa ṣe ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹun.

Aránṣọ forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àgbà ìrọ̀lẹ́, kó lè gba ìwé ẹ̀rí náà. Nígbà tí èsì ìdánwò dé, ìṣirò nìkan ló gbé e ṣubú. Ọkọ rẹ̀ bá a nídìí ààrò pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Ó gbà á, ó kà á, kò rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó mú okùn ìwọ̀n rẹ̀ wálé, ó na orí kan sí i.

"Di ibí mú. Kí n tó mọ iye búlọ́ọ̀kù tó máa gbé ògiri yìí, kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?"

Gbogbo ògiri ilé ni wọ́n wọ̀n tán lọ́dún yẹn. Ó tún ìdánwò ṣe, ó yege. Àmọ́ nígbà yẹn kò sáyè iṣẹ́ mọ́ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí náà, wọ́n ní bí àyè bá yọ, àwọn á pè é.

Ó ṣì ń lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Láwọn ọjọ́ yòókù, bí fóònù bá dún ní ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kúrò lórí maṣíìnì kó tó mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, oníbàárà ni, tó ń béèrè bóyá aṣọ òun ti yá.