Iyọ̀ Nídìí Igi Abura

Bí o bá fẹ́ rí ìbínú Fẹ́yìsayọ̀ Akínọ̀ṣọ́, sọ fún un pé ilẹ̀ kan ṣófo lọ́nà Ajah. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wá ibi tí igi abura yóò lè gbé. Igi irà ni abura, ó ti ń tán lọ, omi tí kò níyọ̀ ló sì fẹ́ nídìí. Bẹ́ẹ̀ ooru ayé ń pọ̀ sí i, òkun ń gòkè, omi iyọ̀ sì ń yọ́ wọ inú irà. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣírò òjò, ooru àti gíga ilẹ̀, àwòrán ilẹ̀ yóò sì yọ àwọ̀ ewé níbi tí abura ṣì lè gbé lọ́jọ́ iwájú. Àwọ̀ ewé ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i lórí. Kó tó padà dé ibi tó wò, tipa ti da yanrìn sí i, wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì, wọ́n ti kọ orúkọ ẹ́sítéètì sára géètì. Kọ̀ǹpútà wo ló fẹ́ ṣírò tipa?

Màmá rẹ̀ ló yọ ọ́. Ìyá àdúrà ni Màámi nínú ìjọ aláṣọ funfun kan lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó. Irà kan wà lẹ́yìn ilé àdúrà wọn tí àwọn àgbà ìjọ kọ̀ láti tà, nítorí odò tí wọ́n ti ń wẹ̀ wà níbẹ̀. Màámi bẹ àwọn àgbà títí wọ́n fi gbà, Fẹ́yìsayọ̀ sì gbin àwọn ọmọ abura síbẹ̀. Igi ńlá tí Fẹ́yìsayọ̀ ti ṣa èso wọn, wọ́n ti gé e lulẹ̀ nítorí títì tuntun. Bí àwọn wọ̀nyí bá kú, kò mọ ibi tí yóò tún ti rí òmíràn.

Nígbà tó padà débẹ̀, etí ewé wọn ti gbẹ bí èyí tí iná rà. Ó kọ́kọ́ rò pé ewúrẹ́ ló jẹ wọ́n. Ó pe Ọ̀gá Taofeek, olórí iṣẹ́ wọn, ó ní irọ́ ni àwòrán wọn ń pa, òkun ti débẹ̀. Ó bu omi odò tọ́ wò, kò níyọ̀. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kòkòrò náà lè máa gbàdúrà. Nǹkan funfun kan wà nídìí igi. Ó fi ahọ́n kàn án, ó sì yíjú sí Màámi tó gbé ike kan bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi, ta ló da iyọ̀ síbí?"

"Èmi ni," ni Màámi wí, inú wọn ń dùn. "Láràárọ̀ ni. Ṣebí o ní nǹkan kan ń bọ̀ láti inú òkun tó fẹ́ pa wọ́n. Iyọ̀ yìí náà la fi gbàdúrà fún ẹ ní kékeré tó ò fi kú."

Fẹ́yìsayọ̀ gbé igbe tó fẹ́ ké mì. Èèyàn kì í jágbe mọ́ ìyá ẹni. Gbogbo ìpàdé tí wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì wọn ní Oniru ló ti ń sọ̀rọ̀ iyọ̀, tó ń tọ́ka sí àwòrán lára ògiri fún àwọn tó ń tẹ fóònù. Màámi tó bá a tọrọ ilẹ̀, tí wọ́n ń jí lọ wo igi lójoojúmọ́, àwọn nìkan ni kò ráyè ṣàlàyé fún. Inú bí i sí ara rẹ̀ débi pé omi lé sí i lójú.

"Iyọ̀ gan-an ni nǹkan tó ń bọ̀ láti inú òkun, Màámi, òun ló ń pa wọ́n."

Màámi wo ike iyọ̀ ọwọ́ wọn, wọ́n gbé e sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ gbẹ́ erùpẹ̀ oníyọ̀ náà kúrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Èyí tó pọ̀ jù nínú igi náà kú. Àwọn díẹ̀ tó kù tún rúwé.

Màámi ló ń pọnmi sí wọn báyìí, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Wọn kì í da garawa kankan sídìí igi láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tọ́ omi inú rẹ̀ wò.