Imọ̀ Ọ̀pẹ Níwájú Mọ́tò Wa

Fulera ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Òmù-Àrán tí ẹ ń béèrè Fulera, ẹ ó rìn títí ẹsẹ̀ yín ó fi wú. Ìyá Onímọ́tò Aláìsàn ni kí ẹ béèrè. Àwọn tí ẹnu wọn kò dára ń pè mí ní Ìyá Onímọ́tò Òkú. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá wọn jà. Ní báyìí, ó ti rẹ̀ mí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ṣòroó sọ. Ẹni tí kò lè jókòó nínú mọ́tò, àmọ́ tí kì í ṣe pé ó fẹ́ẹ́ kú lójú ẹsẹ̀, èmi ni mò ń bá àwọn ẹbí rẹ̀ ṣètò bí yóò ṣe dùbúlẹ̀ lọ sí ọsibítù, tí yóò sì dùbúlẹ̀ padà wálé. Ẹni tó ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá, ẹni tí rọpárọsẹ̀ gbé ṣánlẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tí kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gbé aláìsàn sókè sódò ní wọ́ọ̀dù kan ní Ìlọrin kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn náà ló sì fara gbá a. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe Ọlọ́run. Ọkọ mi ti di olóògbé, àbúrò rẹ̀ ló ni bọ́ọ̀sì tí mo fi ń ṣiṣẹ́. A yọ àwọn àga ẹ̀yìn, a gbé ibùsùn tẹ́ẹ́rẹ́ onítáyà sí i, a fi bẹ́líìtì sí i lára. Bùkárì ló ń wà á. Bùkárì kì í sọ̀rọ̀. Bó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta láàárọ̀, ó ti sọ ti ọ̀sẹ̀ yẹn tán.

Orí fóònù ni iṣẹ́ yìí ti ń pani jù. Lọ́jọ́ kan, Yusrah kan pè mí láti Èkó. Ó ní bàbá òun wà ní ọsibítù ní Ìlọrin, pé kí n bá àwọn gbé wọn lọ sílé ní Ìjàrà-Ìsin.

Mo bi í pé, "Ṣé bàbá lè jókòó?"

"Wọ́n lè gbìyànjú ẹ̀, mà."

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n lè jókòó?"

"Rárá, mà."

"Ilẹ̀kùn ilé ńkọ́? Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

"Ó fẹ̀ dáadáa, mà."

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Mo béèrè àtẹ̀gùn. Ó ní kò sí wàhálà. Hà! Kò sí wàhálà! Bí mo bá kú, ẹ kọ ọ́ sójú oórì mi pé kò-sí-wàhálà ló pa obìnrin yìí. Kò sí ilé tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí tí a kò bá àtẹ̀gùn mẹ́fà níbẹ̀, pẹ̀lú ajá tí kò fẹ́ràn àlejò.

Nígbà tí a fẹ́ parí ọ̀rọ̀, ohùn Yusrah lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ fún màmá wa. Àwọn dókítà ní ibi tí agbára àwọn mọ nìyẹn. Wọ́n ní ká máa gbé bàbá lọ sílé." Mo ní mo ti gbọ́. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí mo ti gbé kò lóǹkà, wọn kì í padà sọ́dọ̀ mi.

Mi ò kì í gbé èèyàn lọ sílé tí mi ò bá tíì fojú ara mi rí ilẹ̀kùn rẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjàrà-Ìsin pẹ̀lú okùn ìwọ̀n mi. Bàbá Abdulkadir ni orúkọ aláìsàn náà, àgbẹ̀ oníṣu ni, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n. Oṣù kẹrin rèé tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá ọ̀tún. Ìyàwó wọn, Màmá Hàjàrá, ni mo bá nílé. Wọ́n ti gbá yàrá, wọ́n ti tẹ́ ẹní tuntun, wọ́n ti gbé kẹ́tùrù ìṣàlùwàlá bàbá sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí orí wọn máa wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò jẹ́ kí màmá lè rin ìrìnàjò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bàbá kúrò nílé, wọn kò tíì fojú kan ara wọn.

Bí mo ṣe ń wọn ilẹ̀kùn, màmá ń fọwọ́ ra yẹtí wọn. Wúrà kékeré ni, ó ti dán nítorí pé ó pẹ́ létí. Wọ́n ní, "Bàbá Yusrah ló rà á fún mi nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Kò kúrò létí mi rí." Lẹ́yìn náà wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Fulera, bù ni àwọn ọmọ ń bu ọ̀rọ̀ sọ fún mi lórí fóònù, mo mọ̀. Mi ò bá wọn jà. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Gbé e wá bá mi láàyè. Kí n rí ojú ẹ̀, kí òun náà rí tèmi. Bí wọ́n bá gbé òkú ẹ̀ wọ ilé yìí bá mi, mi ò ní dìde mọ́."

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ màmá gbóná nínú ọwọ́ mi. Mo ní, "Màmá, láàyè ni."

Ó yẹ ká kúrò ní Ìlọrin ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìwé yìí kò tíì pé, ẹni tó máa buwọ́ lu tọ̀hún kò tíì dé. Wọ́n ti ń pe ìrun Àìlà lọ́sàn-án kí Bùkárì tó ṣáná sí mọ́tò. Egbò ńlá kan wà ní ìdí bàbá nítorí ìdùbúlẹ̀, gbogbo kòtò tí táyà bá wọ̀ ló ń dé ojú egbò náà. Bàbá lè sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn. "Rọra," ni wọ́n ń sọ. Bùkárì ń rọra. Àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ń fun fèrè lẹ́yìn wa bí ẹni pé ìyá wọn la jí gbé, wọ́n ń bú Bùkárì, wọ́n ń bú baba tó bí Bùkárì.

Wàhálà tòótọ́ ni ti àwọn agbófinró tó ń gbé igi dínà. Ní ti àkọ́kọ́, wọ́n ní ká ṣí ẹ̀yìn mọ́tò. A ṣí i. Wọ́n ń yẹ ìwé wò títí, oòrùn ń pa bàbá lójú. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún ní ká ṣí i. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá aláìsàn tòótọ́ ni bàbá! Mo sọ fún un pé kó wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ wò. Ìyẹn ló jẹ́ ká tún fi ìdajì wákàtí kún un. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé igi kúrò, bàbá ti ń sunkún. Ojú òsì nìkan ni omi ń jáde nínú rẹ̀, ojú ọ̀tún kò mọ̀ pé ẹkún ń bẹ.

Kí a tó dé Omupo, mo rí igi ọ̀pẹ kan tí kò ga létí ọ̀nà. Mo ní, "Bùkárì, dúró. Bọ́ sílẹ̀, gé imọ̀ ọ̀pẹ wá."

Ta ni kò mọ ohun tí imọ̀ ọ̀pẹ níwájú mọ́tò ń wí lọ́dọ̀ wa? Òkú là ń gbé bọ̀ wálé, ẹ yàgò. Bùkárì wò mí. "Ìyá, èèyàn alààyè la gbé o."

"Mo ti gbọ́. Gé e. Bí a bá ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, a ó já a dànù."

Ó gé e. Èmi fúnra mi ni mo fi báńdéèjì so ó mọ́ iwájú mọ́tò, ọ̀tún àti òsì. Ẹ wá wo ayé! Àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù tó ń bú wa rọra gbà wá láyè. Àwọn onígi ti fa igi kúrò ká tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan tilẹ̀ ṣí fìlà. Ẹni tó wà láàyè, wọ́n fi oòrùn pa á. Nígbà tó di òkú, wọ́n ń yẹ́ ẹ sí. Inú bí mi, àmọ́ inú mi tún dùn pé bàbá ti dákẹ́ ẹkún. Mo gbé ọwọ́ lé orúnkún wọn, mo fi orí ti gíláàsì. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti jí lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ ìgbà tí a kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, Bùkárì tó ń retí kí n sọ̀rọ̀ kò sì jí mi.

Igbe ló jí mi.

"Yéè! Bàbá ti lọ o! Bàbá Abdulkadir ti lọ!" A ti wọ Ìjàrà-Ìsin. Àwọn obìnrin ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò, wọ́n káwọ́ lérí. Ìrun Alásàrí ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, àwọn ọkùnrin ń jáde ní mọ́sáláṣí, gbogbo wọn ń sọ pé Ìnnálílàhi. Àwọn ará ilé ti ń retí wa láti Àìlà, wọn kò rí wa, fóònù mi kò sì lọ. Imọ̀ ọ̀pẹ ló wá dá wọn lóhùn. Mo yọ orí lójú wíńdò, mò ń pariwo pé, "Ààyè ni! Ààyè ni o!" Ta ló máa gbọ́? Bùkárì tí kì í sọ̀rọ̀ fò bọ́ sílẹ̀, ó ń fa imọ̀ náà ya, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù. Ọkùnrin kan ti ń pe àfáà lórí fóònù. Òmíràn ti gbé ọkọ́ lọ sẹ́yìnkùlé.

Mo sáré ṣí ẹ̀yìn mọ́tò kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Ibẹ̀ gan-an ni mo tún ti ṣìṣe, nítorí ìgbà náà ni Màmá Hàjàrá jáde sí ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ti wọ aṣọ tákàbá. Aṣọ funfun tí kò ní ohunkóhun lára, ìbòrí funfun, etí lásán. Igbe àkọ́kọ́ kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí màmá ti ká aṣọ opó sínú àpótí, pé àwọn ọmọ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ojú bàbá là sílẹ̀ kedere. Wọ́n wo màmá láti orí dé ẹsẹ̀.

"Hàjàrá," ni bàbá wí. Ó pẹ́ kí èyí tó kù tó jáde. "Yẹtí ẹ... dà?"

Màmá ní, "Mo bọ́ ọ."

"Fi í... sétí. Mi ò... tíì lọ."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni màmá jókòó sí, nínú iyanrìn, pẹ̀lú aṣọ funfun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi, pé àwọn kò ní dìde mọ́, ni mo ń gbọ́ létí. Àwọn obìnrin méjì gbé wọn nílẹ̀, wọ́n fà wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò. Màmá tú kókó etí ìró wọn, wọ́n mú yẹtí jáde, wọ́n ń wá ihò etí títí wọ́n fi rí i. Bàbá ń wò wọ́n, ojú wọn kò ṣẹ́. Nígbà tí èkejì wọlé ni bàbá tó mí kanlẹ̀.

Màmá wá yíjú sí wa. "Ta ló so imọ̀ yẹn?"

Bùkárì la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo ní, "Èmi ni, màmá."

"O ní láàyè lo máa gbé e wá."

"Láàyè náà ni, màmá. Ẹ má bínú. Àwọn onígi ló ń..."

"Láàyè ni. Mo dúpẹ́." Wọn kò pariwo, ì bá sì sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo. "Ṣùgbọ́n o jẹ́ kó rí opó ẹ̀."

A gbé bàbá wọlé. Ilẹ̀kùn gbà wá. Wọ́n bu oúnjẹ fún wa, mi ò lè jẹ ẹ́. Bùkárì jẹ tirẹ̀ tán, ó jẹ tèmi. Láti ọjọ́ náà, a kò so ewé kankan mọ́ iwájú mọ́tò mọ́. Bí wọ́n bá ní ká ṣí i nígbà mẹ́wàá, a ó ṣí i nígbà mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí a gbé bàbá wálé, màmá pè mí láàárọ̀. "Fulera, ó ti lọ o. Bó ṣe kírun Àsùbáà tán lórí ìdùbúlẹ̀ ni."

Mo kí wọn, mo ṣàdúrà. Mo béèrè bóyá wọ́n fẹ́ mọ́tò. Wọ́n ní mọ́tò kẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sí.

"Yẹtí yìí ni mo tìtorí ẹ̀ pè ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, wéré ni mo bọ́ ọ. Lónìí, ọwọ́ mi kọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ bá mi bọ́ ọ, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ìwọ lo kọ́kọ́ mú mi bọ́ ọ. Wá bọ́ èyí."

Ẹ̀yìn ń dùn mí láàárọ̀ náà, aláìsàn kan sì ń retí mi ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká sún un sí ọ̀la. Bùkárì ní òun á fi bọ́ọ̀sì gbé mi, mo ní rárá o, kí mọ́tò yẹn má tún yọjú síbẹ̀ lónìí. Ọ̀kadà ni mo gùn.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti sin bàbá tán. Màmá wà nínú yàrá lórí ẹní tuntun ọjọ́sí, wọ́n wọ aṣọ funfun yẹn, yẹtí wà létí wọn. Mo jókòó, wọ́n gbé orí lé itan mi bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ dirun fún. Yẹtí náà ti gan. Mo tutọ́ sí ìka, mò ń yí i díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, mò ń pẹ́."

Wọ́n ní, "Máa rọra. Ti ọjọ́ yẹn ló yá jù."