Àjàrà Tó Pẹ́ Lórí Igi

Ní àwọn ọdún 1980, lásìkò tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ni ìyá ọkọ mi wá bá wa tọ́jú àkọ́bí wa ní Houston. Wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri nígbà náà. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá ọkọ mi ní kí gbogbo wa wá jẹun nílé òun ní The Woodlands, lẹ́yìn odi ìlú, ṣe ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa bí a ó ṣe jókòó. Ó ní kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún màmá, àmọ́ kí n máa yọ ata kúrò nínú ohun tí wọ́n bá fi dáhùn.

A jẹun tán láìsí wàhálà. Ni ọ̀gá bá gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wáìnì pupa ni. Ó ní Zinfandel ni wọ́n ń pe àjàrà tí wọ́n fi ṣe é, ó sì ń dun òun pé èyí tó ní àwọ̀ píǹkì, tó gbòde nígbà náà, nìkan ni àwọn ènìyàn mọ̀. Àjàrà ti inú ìgò yìí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ lórí igi lẹ́yìn tí wọ́n ti ká àwọn tó kù tán ni, títí ó fi hunjọ, tí adùn rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ àjàrà náà, ṣùgbọ́n n kò rántí sọ pé ọtí ni. Màmá, tí wọ́n jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, wo ìgò náà tàánútàánú.

“Ṣé ara olóko náà ò yá ni?”

N kò rí ata kankan yọ níbẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe wà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ìwà àjàrà náà ni, kì í pọ́n pa pọ̀. Lórí ṣírí kan ṣoṣo, àwọn kan á ti gbẹ, àwọn kan á ṣì wà ní tútù.

Màmá mirí, wọ́n wo ọkọ mi.

“Bí ọmọ ìyá ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ìbàdàn, mo ṣì ń retí kó pọ́n, kó fẹ́yàwó.”

Ọkọ mi tẹjú mọ́ abọ́. Ọ̀gá bi mí ohun tí wọ́n wí. Mo ní wọ́n ní irú rẹ̀ wà nínú ẹbí wa.

Ìyàwó ọ̀gá bu wáìnì fún oníkálukú. Aládùúrà aláṣọ funfun ni màmá, wọn kì í fẹnu kan ọtí. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti mu ún tán, wọ́n sì ń na ife fún òmíràn. Ọkọ mi ta mí nípàá lábẹ́ tábìlì. Èmi náà ta á padà; ìyá ta ni?

Lẹ́yìn ife kejì, màmá dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbàdúrà. Wọ́n bẹ Olúwa pé kí ìkórè ilé náà má pẹ́ mọ́ láéláé. Ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá, ṣe àmín kíkankíkan.

Lórí freeway, bí a ṣe ń wakọ̀ lọ sílé, ọkọ mi jẹ́wọ́ fún màmá pé ọtí ni.

“Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀, ẹ ò sọ,” ni màmá wí. “Ọrùn yín ló wà.” Wọ́n sì sùn lọ fọnfọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n sì ní kí ọmọ wọn náà gbà á. Èmi ń fọ́mọ lọ́yàn, wọ́n yọ̀ǹda mi. Ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ láìjẹ láìmu, ọ̀gá rẹ̀ sì ń bi í ṣáá bóyá oúnjẹ ilé òun ló dà á nínú rú.