Òfin-ò-gbẹ̀bẹ̀ àti Màlúù Tí Kò Lóyún

Dókítà ẹran ti ki ọwọ́ bọ ìdí màlúù náà dé èjìká, kò sì tíì sọ nǹkan kan. Ó dijú bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó kún. Obìnrin tó ni ọgbà ẹran náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di irin tí wọ́n fi há ẹran mọ́ mú gírígírí. Ẹran mọ́kànlélógójì ni dókítà ti yẹ̀ wò fún oyún láti àárọ̀, kò sí èyí tó mú obìnrin náà làágùn àfi èyí.

Òfin-ò-gbẹ̀bẹ̀ ni àwọn alápatà ń pe obìnrin náà lẹ́yìn, ó sì mọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló fi ń jèrè nídìí òwò tó ti lé ọ̀pọ̀ ọkùnrin sá: màlúù tó bá jẹ koríko ọdún kan láìlóyún, ọ̀dọ̀ alápatà ló ń lọ. Kì í sọ ẹran lórúkọ. Ó ní ẹni tó bá sọ oúnjẹ rẹ̀ lórúkọ, ebi ni yóò pa á.

Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú irin yìí ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló lò nílé ọkọ láìgbọ́ ẹkún ọmọ, kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi ra abo ọmọ màlúù kan tó rù hangogo, tí gbogbo ènìyàn ní kò ní pẹ́ kú. Abo yẹn ti bímọ mẹ́wàá. Ìdajì agbo ló ti inú rẹ̀ wá.

Dókítà fa ọwọ́ yọ. "Kò sí nǹkan níbẹ̀. Òfìfo ni."

Ọkọ̀ alápatà wà lẹ́nu géètì, ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, mẹ́rin tí wọn ò lóyún ti wà nínú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni alápatà wí. "Oòrùn ń pa ẹran."

Àbúrò obìnrin náà ọkùnrin, tí wọ́n jọ ń sin ẹran, ń wò ó láìṣẹ́jú. Lọ́dún tó kọjá, abo pupa kan tí àbúrò yìí fi ìgò tọ́ dàgbà ò lóyún. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹran náà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n tú u wọ ọkọ̀?"

"Dúró ná."

"Kí la ń dúró dè? Ẹ̀yin lẹ ní òfin ò mojú."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Tèmi ńkọ́?"

Ẹnu dùn ún ròfọ́ lóòótọ́. Ojú ti obìnrin náà, ẹ̀rù sì bà á. Bó bá dá ẹran yìí sí, àbúrò lè bínú lọ, òfin tó ń bọ́ gbogbo wọn yóò sì di àwàdà. Bí kò bá dá a sí, kí ló fi yàtọ̀ sí ìyá ọkọ rẹ̀?

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ló wí. "Mo rí i pé ò ń sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo gbójú kúrò. Kò yẹ kí abo pupa yẹn lọ, mi ò sì lè dá a padà fún ọ."

Àbúrò rìn lọ síbi ọkọ̀, ó ti ìdí rẹ̀ pa.

"Ẹ máa lọ," ló sọ fún alápatà. "Mẹ́rin náà ni."

Dókítà ti nu ọwọ́, ó ti ṣí ìwé agbo. Ohun méjì péré ni obìnrin náà ń jẹ́ kí wọ́n kọ síwájú ẹran nínú rẹ̀: ó lóyún, tàbí ó ń lọ.

"Kí ni kí n kọ sí èyí?" ni dókítà bi í.

"Ẹ kọ ọ́ pé ilé rẹ̀ nìyí."