Ògiri Tí Akínjídé Kọ̀wé Sí

Akínjídé kì í ṣe oníjàngbọ̀n. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀ ládùúgbò tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Midrand, ní gúúsù Áfíríkà, ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lórí tẹlifíṣọ̀n. Láàárọ̀, á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Marshalltown níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ oníṣirò owó. Nírọ̀lẹ́, á bomi rin ewúro tó gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi háyà ilé kiri kó tó ra tirẹ̀ lọ́dún 2014. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bú u jù nítorí ohun tó ṣe.

Lọ́dún 2016, ìyá rẹ̀ kú ní Iléṣà, òun àti Kíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ lọ sin ín. Kí wọ́n tó gbéra, Akínjídé ra ọ̀dà pupa, ó gun orí àpótí, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú ilé lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ilé yìí kì í ṣe fún títà, kí aráyé ṣọ́ra fún gbájúẹ̀.

"Bàbá Dúró, ta ló fẹ́ ta ilé wa níbí?" Kíkẹ́ ń rẹ́rìn-ín. "Àbí Ìkòròdú la wà ni?"

"Ìwọ ṣáà jẹ́ n kọ ọ́."

Kíkẹ́ bá a di àpótí náà mú. Ó mọ ibi tọ́rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Bàbá Akínjídé ra ilẹ̀ sí Ìkòròdú nígbà kan. Àìsàn gbé e dè fóṣù mẹ́fà. Kó tó gbádùn, àwọn kan ti ta ilẹ̀ náà fẹ́ni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú yàrá tó háyà ni bàbá náà kú sí. Ẹni ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ohun tí Akínjídé kò mọ̀ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ mú kí ọ̀nà oríta wọn fẹ̀ sí i. Ilé méjì péré ló kọjú síra níbẹ̀: tirẹ̀, àti ti Gogo Nomalanga. Gogo ni wọ́n ń pe ìyá àgbà lọ́hùn-ún. Yàrá kan wà létí ògiri ìyá yìí tó fi ń tọ́jú ọmọ àwọn tó bá lọ síbi iṣẹ́. Inú rẹ̀ ni Bólúwadúró, ọmọ Akínjídé, ti kọ́ ìrìn. Ìjọba fẹ́ ra mítà mẹ́ta ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Òṣìṣẹ́ wọn dé ẹnu ọ̀nà Akínjídé, ó kanlẹ̀kùn títí, kò séèyàn. Ó gbójú sókè, ó ka ògiri, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé onílé yìí ti kọ̀, kò tà.

Ìgbà tí Akínjídé ti Iléṣà dé, ó bá Gogo lórí àga níwájú ilé rẹ̀, lẹ́tà lọ́wọ́. Ilẹ̀ tìyá ni wọ́n máa rà, wọ́n á sì wó yàrá àwọn ọmọdé. Bó bá ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò, ó ku ọjọ́ méjì.

"Eish, ọmọ mi," ni Gogo wí, "wọ́n ní ìwọ ò fẹ́ tà."

"Ta ló bi mí, Gogo?"

 Gogo nawọ́ sí ògiri Akínjídé.

Ojú ti Akínjídé débi pé kò lè wo ìyá náà. Síbẹ̀, nígbà tó wọlé, mítà mẹ́ta yẹn ń dùn ún. Ó dúró ti ewúro rẹ̀. "Ilẹ̀ tí bàbá mi ò rí sùn lé," ó sọ fún Kíkẹ́, "èmi ni n ó fọwọ́ ara mi gé fún ìjọba?"

"Olè ló gba ti Bàbá," Kíkẹ́ dá a lóhùn. "Tiyín, ẹ̀yin lẹ máa yọ̀ǹda ẹ̀. Ọ̀tọ̀ nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn ọkùnrin kan tó ń rojọ́ igi aládùúgbò tó ń da ewé sínú ọgbà rẹ̀. Nígbà tó kàn án, Mokgadi, obìnrin tó ń gbẹ́jọ́, ṣí fáìlì, ó rí fọ́tò náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ ni ògiri yìí! Kí ló dé tẹ́ ẹ kọ ọ́?"

Gbólóhùn kan ni Akínjídé fẹ́ fi dáhùn, àmọ́ ó sọ ọ́ dé Ìkòròdú, ó sọ ọ́ dé yàrá tí bàbá rẹ̀ kú sí. Mokgadi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ṣé ẹ wá fẹ́ tà báyìí?"

"Mi ò fẹ́ tà," ni Akínjídé wí, òótọ́ ọkàn rẹ̀ sì ni. "Àmọ́ ẹ ra tèmi. Ẹ fi ti Gogo sílẹ̀."

Lóṣù kẹta, katapílà wó ògiri náà tòun tọ̀dà pupa. Akínjídé ṣí ewúro rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Ìdí méjì ló yè. Ó mọ ògiri tuntun, ó kùn ún ní funfun.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ìyá rẹ̀ sún mọ́lé, tí wọ́n tún ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Iléṣà, Gogo sọdá wá, ó sì bá Akínjídé níwájú ògiri tuntun, agolo ọ̀dà pupa lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé e padà," ni Gogo wí. "Èmi tí mò ń jókòó síwájú ilé mi látàárọ̀ dalẹ́, ta ló máa gba ojú mi kọjá wá ta ilé rẹ?"

Akínjídé gbé ọ̀dà náà sílẹ̀. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé jáde, ó sì fi lé ìyá àgbà náà lọ́wọ́.