Ọkùnrin tí A Lù ní Pápá Orin

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò mu ọtí lọ́jọ́ náà, mi ò sì sùn lọ kí n máa lálàá. Oòrùn wà lókè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ kó kọ́kọ́ wá wo ìka ọwọ́ mi méjì tí ò ká mọ́.

Orúkọ mi ò ṣe pàtàkì. Irun ni mò ń dì ní Ọ̀fàtẹ̀dó, inú mi sì máa ń tètè ru. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ pé bí wọ́n bá mi orí lẹ́ẹ̀kẹta, màá fi òòyà gbá wọn. Mo máa ń fi ìyẹn ṣe àwàdà tẹ́lẹ̀. Mi ò fi ṣe àwàdà mọ́.

Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò dákẹ́ díẹ̀, àwọn kan gbé eré orin ọlọ́jọ́ méjì wá sí pápá kan lẹ́bàá ọ̀nà Iléṣà. Olórin tí mo fẹ́ràn jù láyé ń bọ̀, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ mi rárá. Ni mo bá gbọ́ pé wọ́n ń wá fọlọ́ńtíà: ẹni tó bá bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjèèjì ò ní gbowó, ṣùgbọ́n yóò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò sì fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò. Kí ni mo tún fẹ́?

Mi ò fẹ́ dá lọ. Mo pe Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí. Ìbòkun ló ń gbé, òun àti bàbá rẹ̀ ló ń ṣe oko kòkó. Kò fẹ́ wá. Ó ní, "Àǹtí, uṣẹ́ pọ̀ lóko." Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di bàbá arúgbó láìtíì pé ọgbọ̀n ọdún, mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́, títí ó fi gbà. Èmi ni mo mú un lọ. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè dá lẹ́bi.

Wọ́n fi wá sábẹ́ àgọ́ tí àwọn èèyàn ti ń ṣáàjì fóònù. Èmi ń gba fóònù, mò ń fún olúwarẹ̀ ní páálí tó ní nọ́ńbà. Délé ń so wọ́n mọ́ iná, ó sì ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn àgọ́. Oko kòkó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bàbá tó ni ín sì dúró síbẹ̀ tòun ti àdá, kí àwọn tó ń wá ibi tọ̀ sí má baà tẹ kòkó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kìíní dùn. Mo jó títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan wá dúró níwájú tábìlì mi. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pupa bí ilẹ̀, ó ti ya léjìká. Kò wọ bàtà. Mo ní kó mú fóònù rẹ̀ wá, ó kàn tẹjú mọ́ mi. Ẹ gbà mí gbọ́, òórùn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu òjò ń jáde lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó tẹ orí mọ́ mi létí. Ó ní, "Èmi kọ́."

"Ìwọ kọ́ kí ni?"

"Èmi kọ́," ló tún wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo rò pé wèrè ni. Kí n tó lé e, ọmọbìnrin kan ti na páálí rẹ̀ sí mi, nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Mo wo orí tábìlì, mi ò rí fóònù rẹ̀. Mo wo abẹ́ tábìlì, kò sí. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé gbájúẹ̀ ni wá. Orí mi gbóná. Mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin náà tó ń lọ sẹ́yìn àgọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò.

Mi ò rí i kó mú nǹkan. Mo búra fún yín, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti là.

"Olè! Olè! Ẹ mú un!"

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló jí. Wọ́n ti gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́yìn àgọ́ kí n tó fo tábìlì. Ẹnì kan fi òkúta gbá a lágbárí. Ẹnì kan yọ irin ẹsẹ̀ àga. Èmi fa igi tí wọ́n fi de àgọ́ mọ́lẹ̀ yọ, mo sì là á mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gbọ́ bí eyín ṣe fọ́.

Ṣé kí n sọ òtítọ́? Ó dùn mọ́ mi. Mo là á mọ́ ọn lójú, mo là á mọ́ ọn níhà, ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lẹ́nu, mi ò dúró.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò ké. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Orin tó ń dún ní pápá gan-an, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Ẹnì kan sáré gbé kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ wá, ó dà á sí i lára. Ẹlòmíràn ń wá ìṣáná.

Mo gbójú sókè kí n lè mí. Ọkùnrin ṣẹ́ẹ̀tì pupa dúró ní ọ̀kánkán mi, láàárín àwọn tó ń lù. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ rárá. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò mí.

"Èmi kọ́," ló wí.

Mo wo ilẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò ni mo rí. Etí mi là lójijì.

"Àǹtí! Àǹtí, èmi rè é!"

Délé ni. Ohùn rẹ̀ ti há, ó ti ń pè mí tipẹ́.

Mo ṣubú lé e lórí. Mò ń ké pé àbúrò mi ni, wọn ò gbọ́, bí èmi náà ò ṣe gbọ́ tẹ́lẹ̀. Irin balẹ̀ sórí ìka mi. Epo ń ta mí lójú. Ìṣáná ti tàn lọ́wọ́ ẹni yẹn, mo rí i kedere nínú oòrùn. Mo ní ó ti parí.

Bàbá olóko kòkó ló já lù wọ́n. Ó fi pẹlẹbẹ àdá gbá ìṣáná dànù, ó gbá ẹlòmíràn léjìká, ó ń ké pé, "Ẹ la ojú yín! Èèyàn yín ni!"

Gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Igi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fọ́n ká.

Fóònù kẹtàdínlógún wà lẹ́yìn àgọ́, lórí okùn iná kejì. Délé ló gbé e lọ síbẹ̀ nítorí okùn ti iwájú ò gbé iná. Ó ń bọ̀ wá sọ fún mi ni.

Bàbá bá mi gbé e sínú ọkọ̀. Ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ṣẹ́ẹ̀tì pupa lo rí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Orí ulẹ̀ yìí ni wọ́n ti lù ú pa, mo ṣì jẹ́ géńdé nígbà náà. Kò jí nǹkan kan. Ta ló ké olè lónìí?"

Mo tẹrí ba, mò ń nu ẹ̀jẹ̀ lójú Délé. Ó wò mí títí. "Má purọ́ fún ọmọ yìí o," ló wí.

Ní ilé ìwòsàn ní Iléṣà, wọ́n ní Délé ò ní kú. Ojú òsì rẹ̀ ti lọ. Wọ́n fi wáyà di àgbọ̀n rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ pé mo fi ara mi bo ọmọ òun, ó ń fi omi gbígbóná jó ìka mi. Ìtìjú fẹ́ pa mí.

Ọjọ́ tí wọ́n tú wáyà náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Délé sọ ni, "Àǹtí, ta ló ké olè lé mi?"

Ìyá rẹ̀ jókòó tì wá. Mo ní mi ò mọ̀.

"Ẹ ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Délé."

Ó yí ojú kan tó kù sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Ó ní òun á dúró tì mí," Délé wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "títí ẹni tó ké e á fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Mo ti wọ mọ́tò dé Ìbòkun lẹ́ẹ̀mejì láti lọ jẹ́wọ́. Bí mo bá ti rí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ahọ́n mi á kú. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Bóyá èyí náà jẹ́ ìjẹ́wọ́, mi ò mọ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ mi. Ohun tí ojú yín ò bá rí, ẹ má fi ẹnu yín ké e, pàápàá níbi tí ẹ ò ti mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀. Àwọn tó ń dá yín lóhùn kì í ṣe èèyàn nìkan.

Àná ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní Délé ti ń rìn dáadáa, yóò wá kí mi lọ́la, kí n se oúnjẹ èèyàn méjì. Mo bi í pé Délé àti ta ni. Ó ní òun náà béèrè, Délé ò dárúkọ ẹni náà fún òun.